Ẹrù tí ẹṣin ń gbé sáré, báwo ló ṣe yẹ ká kà á sí tó tí a bá fẹ́ ta tẹ́tẹ́ ẹṣin?

ỌmọPánṣẹ́kẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ ẹṣin ni mo gbé wá lónìí o, kì í ṣe ti bọ́ọ̀lù. Látìgbà tí líìgì ti parí lèmi àtàwọn tí a jọ máa ń jókòó ní Pánṣẹ́kẹ́ ti ń wo eré ẹṣin lórí fóònù, ti Ìlú Ọba, ti South Africa, ìgbà mìíràn ti Hong Kong, a sì máa ń fi owó kékeré kékeré sí i. Nọ́ńbà kan wà tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹṣin kọ̀ọ̀kan, ti Ìlú Ọba á kọ 9-7 tàbí 8-12 tàbí 11-4, ti South Africa á kọ 60 tàbí 53.5. Mo mọ̀ pé ìwọ̀n tí ẹṣin máa gbé sáré ni, ìyẹn yé mi. Bí mo ṣe máa lò ó ni kò yé mi.

Bọ̀ọ̀dá kan wà láàárín wa tó gbà pé kò sí ọgbọ́n mìíràn nídìí ẹṣin ju kéèyàn wá èyí tí ẹrù ẹ̀ fúyẹ́ jù kó fi owó lé e. Ó ní ẹni tí kò gbé nǹkan kan ló máa sáré jù, pé ọmọdé gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tó bá ń sọ ọ́ á wọ̀ ẹ́ létí. Àmọ́ tí n bá wo àbájáde lẹ́yìn eré, àwọn tí ẹrù wọn wúwo yẹn ni mo máa ń rí níwájú lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn tó fúyẹ́ á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bọ̀ lẹ́yìn. Tí ẹrù bá ń fa ẹṣin sẹ́yìn, kí ló dé tí ẹlẹ́rù ń borí? Tí kò bá sì fa nǹkan kan, kí ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n fún tí wọ́n tún ń kọ ọ́ síwèé?

Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa kó là á yé mi jọ̀ọ́. Mo fẹ́ mọ ohun tí ìwọ̀n páùn 1 ń ṣe gan-an nínú eré, àti ohun tí (5) tàbí (7) tí wọ́n máa ń kọ sẹ́yìn orúkọ jọ́kì, ẹni tó ń gun ẹṣin, jẹ́. Ẹ má kàn sọ fún mi pé kí n lọ dúró de bọ́ọ̀lù o.

ÀgbàÌbarà

Àbúrò, o káre. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣòfò owó nídìí ẹṣin gan-an lo fọwọ́ bà yẹn, wọ́n á rí nọ́ńbà, wọn ò ní bi ara wọn léèrè pé ta ló kọ ọ́ síbẹ̀ àti pé kí ló rí tó fi kọ ọ́.

9-7 tí o rí yẹn, sítónù 9 àti páùn 7 ni. Páùn 14 ló wà nínú sítónù 1, torí náà 9-7 jẹ́ páùn 133, nǹkan bíi kílò 60 nìyẹn. South Africa ní tiwọn, kílò ni wọ́n ń kọ tààrà. Kì í sì í ṣe ara jọ́kì nìkan ni wọ́n ń wọ̀n o, òun àti gàárì ẹ̀ ló jọ máa gun òṣùwọ̀n. Tí wọn ò bá tó iye tí wọ́n kọ, wọ́n á ki òjé pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ sínú àpò tó wà lára aṣọ abẹ́ gàárì títí tí á fi pé. Tí wọ́n bá sáré tán, jọ́kì á tún gbé gàárì ẹ̀ lọ́wọ́ padà sórí òṣùwọ̀n, tó bá wá lọ fúyẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n lè gba ipò yẹn lọ́wọ́ ẹṣin ẹ̀. Ìyẹn ló máa jẹ́ kó o mọ̀ pé àwọn tó ni eré náà ò fi ọ̀rọ̀ ẹrù ṣeré rárá.

Ó wá ku ìdí tí ẹlẹ́rù fi ń borí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta bọ́ọ̀lù mọ handicap dáadáa, wọ́n á fún ẹgbẹ́ tí kò lágbára ní góòlù 1 tàbí 2 lórí ìwé kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀. Nídìí ẹṣin, ẹrù ni wọ́n fi ń ṣe é. Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa wo bí ẹṣin kọ̀ọ̀kan ṣe ń sáré, wọ́n á fún un ní rating, ní Ìlú Ọba ààmì 1 nínú rating yẹn dúró fún páùn 1. Ẹṣin tó ní 95 á gbé páùn 10 ju èyí tó ní 85 lọ. Tó bá jẹ eré, wọ́n á sún rating ẹ̀ sókè, ẹrù á lé sí i, tó bá ń pàdánù ṣáá wọ́n á máa rọra gé e kù. Ohun tí wọ́n ń wá ni kí gbogbo wọn lè jọ dé ẹnu ìlà pa pọ̀.

Ṣé o ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ bọ̀ọ̀dá yẹn ti wọ́? Ẹṣin tó wúwo jù lórí ìwé ni àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀ gbà pé ó dáa jù nínú eré yẹn. Èyí tó fúyẹ́ jù, ó fúyẹ́ torí pé kò tíì ṣe nǹkan kan tẹ́nì kan fi máa bẹ̀rù ẹ̀. Torí náà tó o bá kó gbogbo eré handicap pọ̀, àwọn tó wà lókè ìwé ló ń jẹ lọ́pọ̀ ìgbà ju àwọn tó wà nísàlẹ̀ lọ. Àmọ́ má tìtorí ìyẹn sáré lọ máa fi owó lé ẹlẹ́rù gbogbo o, gbogbo ayé ló ń rí i pé wọ́n dáa, ọ́ọ̀dì wọn á ti kéré, o lè máa jẹ lemọ́lemọ́ kí owó ẹ ṣì máa dín.

Ibòmíràn tún wà tí wọn kì í pín ẹrù báyìí rárá. Nínú Derby ti Epsom ní Ìlú Ọba, ọlọ́dún 3 ni gbogbo wọn, ìwọ̀n kan náà ni àwọn akọ ń gbé, wọ́n á dín páùn 3 fún abo. Ti Amẹ́ríkà, Kentucky Derby, páùn 126 fún akọ, 121 fún abo. Arc tí wọ́n ń sá ní Longchamp ní Paris, kílò 56.5 ni ọlọ́dún 3 ń gbé, àwọn tó dàgbà jù ú lọ 59.5, abo á tún dín kílò 1.5. Nínú irú eré bẹ́ẹ̀, ọjọ́ orí àti akọ tàbí abo nìkan ni ẹrù ń sọ, má fi wá ẹni tó dáa jù níbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má wá ṣì mí gbọ́ pé ẹrù ò ṣe nǹkan kan. Ẹ lọ wo Grand National ọdún 1973 ní Aintree ní Liverpool, eré tí ẹṣin ti ń fo ohun ìdínà. Ẹṣin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Crisp, sítónù 12 ló gbé, ó ń fo gbogbo ohun tí wọ́n tò sílẹ̀ bí ẹni pé kò sí èèyàn lẹ́yìn ẹ̀, ó fi àwọn yòókù sílẹ̀ réré. Red Rum tó ń lé e bọ̀, sítónù 10 àti páùn 5 ló gbé tiẹ̀, páùn 23 ló fi fúyẹ́ ju Crisp lọ, ìyẹn ju kílò 10 lọ díẹ̀. Nígbà tí wọ́n fo èyí tó gbẹ̀yìn tán tó ku kí wọ́n sáré wálé, ó rẹ Crisp, ó rẹ̀ ẹ́ débi pé kò lè sá tààrà mọ́, ó ń yà bàrá, ẹsẹ̀ ò gbé e mọ́, Red Rum ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó bá a lẹ́nu ìlà gan-an ó sì gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́, ohun tó fi jù ú lọ ò tó gígùn ẹṣin 1. Ká ní ìwọ̀n kan náà ni wọ́n gbé ni, èmi ò rò pé ẹnì kan máa rí Crisp bá. Nígbà tó di 1974, wọ́n wá gbé sítónù 12 yẹn lé Red Rum náà lẹ́yìn, ó sì tún jẹ ẹ́.

ÌyáÌbejìÀsérò

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Bàbá ti sọ ọ́ re, ẹ jẹ́ kí n fi èyí tó kàn mí kún un torí ìdí kántà ní ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ ni mo wà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ẹṣin àti ajá tó ń sáré nínú tẹlifíṣọ̀n ní ṣọ́ọ̀bù, èyí tí wọ́n ń sá ní ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́, ẹ gbọ́ o, kò sí ẹrù níbẹ̀. Kò sí ẹṣin níbẹ̀ pàápàá. Kọ̀ǹpútà ló ń yan ẹni tó máa jẹ, àwòrán tí ẹ ń wò yẹn wọ́n kàn fi ń gbé èsì jáde ni. Àwọn kan wà tó máa ń wá pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ wọn, wọ́n ti kọ nọ́ńbà gbogbo tó jẹ láti àárọ̀, wọ́n á ní nọ́ńbà 4 ti pẹ́ tó ti jẹ, ó ti tó àsìkò ẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ò mọ̀ pé òun ti pẹ́. Eré tó kọjá ò mọ èyí tó ń bọ̀ rárá, ọ́ọ̀dì tí wọ́n kọ sí i nìkan ló ń sọ bí àyè ẹ̀ ṣe pọ̀ tó, wọ́n sì ti yọ èrè ti ilé tẹ́tẹ́ kúrò nínú ẹ̀ kí ẹ tó débẹ̀.

Mo ń sọ ọ́ torí pé mo máa ń rí àwọn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹrù àti rating báyìí, tí wọ́n á wá gbé e lọ síbi tí kò ti wúlò. Ẹni tó bá fẹ́ ka ẹrù, ẹṣin ẹlẹ́ran ara ni kó wá.

Ṣọlá_Kám̀pù

Ẹ ǹ lẹ́ sà, @ÀgbàÌbarà. Mo gbádùn ohun tí ẹ kọ, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n ta kò yín díẹ̀, mo ń ka físíìsì lọ́wọ́ ní yunifásítì FUNAAB ni, ọ̀rọ̀ yìí sì máa ń jẹ mí lẹ́nu. Ẹṣin eré tó ti dàgbà tó nǹkan bíi kílò 450 sí 550. Páùn 1 ò tó ìdajì kílò. Tí ẹ bá pín in, kò ju nǹkan bíi ìdá 1 nínú 1,000 ara ẹṣin náà lọ. Omi tó mu láàárọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìgbẹ́ tó ya kó tó jáde jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kódà ẹ mú 60 àti 53.5 tí ẹni tó béèrè sọ yẹn, kílò 6.5 ni ìyàtọ̀ wọn, lára ẹṣin kílò 500 kò ju ìdá 1 àti díẹ̀ nínú 100 lọ. Ṣé ìyẹn ló máa dá ẹṣin dúró?

Ẹ tún wo ẹṣin kan tó ń jẹ́ Makybe Diva ní Melbourne Cup ní Australia. Eré handicap ni, mítà 3200. Ní 2003 ó gbé kílò 51 ó jẹ, ní 2004 wọ́n gbé 55.5 lé e ó jẹ, ní 2005 wọ́n gbé 58 lé e ó tún jẹ. Kílò 7 ni wọ́n fi kún ẹrù ẹ̀ láàárín 2003 sí 2005, kò sì yà á lẹ́nu. Lójú tèmi ẹṣin tó mọ eré sá mọ̀ ọ́n sá, kéèyàn lọ wo bó ṣe ń ṣe lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, irú ilẹ̀ tó fẹ́ràn, jọ́kì tó gùn ún, kó gbàgbé páùn.

ÀgbàÌbarà

Ṣọlá, o ṣeun, ìṣirò ẹ dáa, ibi tí o parí ẹ̀ sí ni mi ò bá ẹ dé.

Òótọ́ ni pé kílò 6 ò tó nǹkan lára ẹṣin kílò 500. Àmọ́ wo ohun tí wọ́n fi ń ju ara wọn lọ. Ẹṣin tó ń sáré dáadáa lórí ilẹ̀ gbígbẹ máa ń kọjá nǹkan bíi gígùn ẹṣin 6 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 1. Eré tí wọ́n fi gígùn ẹṣin 1 jẹ, nǹkan bíi ìdá 6 ìṣẹ́jú àáyá 1 ló pinnu ẹ̀, tó bá jẹ́ orí ẹṣin ló fi jù ú lọ, kó o tó ṣẹ́jú ó ti parí. Nínú eré tó gba ìṣẹ́jú 1 àti ààbọ̀, ìdá 1 nínú 100 àkókò yẹn fẹ́ẹ̀ tó ìṣẹ́jú àáyá 1. Mi ò sọ pé ìdá 1 ẹrù ló máa di ìdá 1 àkókò o, kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìdá kékeré lára ìdá yẹn ti tó láti sọ ẹni tó wà ní ipò kìíní di ẹni ìkẹta. Àárín àwọn tó súnmọ́ra ni ẹrù ti ń ṣiṣẹ́. Tí ẹṣin kan bá fi ibi gbogbo dáa ju àwọn yòókù lọ, gbé àpótí lé e lẹ́yìn, á ṣì jẹ.

Ti Makybe Diva tó o mú wá yẹn, ó ń dáa sí i lọ́dọọdún ni, ẹrù ń lé e, kò bá a. Àmọ́ ìdíje yẹn náà ni ẹṣin mìíràn, Phar Lap, ti gbé kílò 62.5 jẹ ní 1930. Ní 1931 wọ́n gbé kílò 68 lé e, sítónù 10 àti páùn 10, ipò 8 ló ti wá. Ẹṣin tó gbé ẹrù tó wúwo jù tó tíì jẹ Melbourne Cup rí ni Carbine, kílò 66 ní 1890, látìgbà yẹn kò sí èyí tó gbé tó bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ́ mọ́. Gbogbo ẹṣin ló ní ibi tí ẹrù ti máa bá a, iṣẹ́ ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ ni kó mọ̀ bóyá ọjọ́ yẹn ti dé tàbí kò tíì dé.

ỌmọPánṣẹ́kẹ́, o béèrè ohun tí páùn 1 ń ṣe. Bí jíjìnnà eré bá ṣe rí ni. Ìṣirò tí wọ́n máa ń lò ní Ìlú Ọba ni pé ní eré kúkúrú, bíi mítà 1000, páùn 3 ló dúró fún gígùn ẹṣin 1. Tó bá di máìlì 1, mítà 1600, nǹkan bíi páùn 2. Eré ìfò tó tó máìlì 3, páùn 1 péré. Ìyẹn ni pé páùn 6 á mú ẹṣin pàdánù gígùn 2 nínú eré kúkúrú, àmọ́ gígùn 6 ni nínú eré ìfò tó gùn. Bí eré bá ṣe ń pẹ́ tó ni ẹrù ṣe ń di ẹrù.

Bó o ṣe máa lò ó nìyí. Ká ní ẹṣin A àti ẹṣin B pàdé lóṣù tó kọjá ní mítà 1600, wọ́n gbé ìwọ̀n kan náà, A fi gígùn 2 ju B lọ. Gígùn 2 lọ́nà páùn 2, páùn 4 nìyẹn. Lónìí wọ́n tún pàdé, wọ́n ti gbé páùn 5 lé A, B wà bó ṣe wà. Lórí ìwé, B ló yẹ kó borí báyìí, ìdajì gígùn ẹṣin. Tí ọ́ọ̀dì B bá wá pọ̀ ju ti A lọ dáadáa torí pé gbogbo èèyàn ń rántí pé A nà án lóṣù tó kọjá, ibẹ̀ ni kó o wò dáadáa. Àmọ́ lọ wo fídíò eré yẹn o! Tí jọ́kì A bá ti dẹ́kun lílé e kí wọ́n tó dé ẹnu ìlà, tó jókòó jẹ́ẹ́ tí ẹṣin kàn ń gbé e lọ, gígùn 2 yẹn kì í ṣe gbogbo ohun tó ní nínú, ìṣirò ẹ á ṣì ẹ́ lọ́nà.

Ẹlẹ́ṣinÌjẹ̀bú

Ẹ̀yin Ẹ̀gbá ẹ kúkú kú làákàyè o. Èmi kì í ta tẹ́tẹ́ àmọ́ ẹṣin ni mo ń tọ́jú, àwọn tí wọ́n ń gùn lọ síwájú Awùjalẹ̀ ní Òjúde Ọba. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹrù ń dun ẹṣin kó wá wo ẹṣin wa kan náà lọ́jọ́ tí ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ bá gùn ún àti ọjọ́ tí bàbá olóyè tó sanra tó wọ agbádá wúwo bá gùn ún. Ẹ má wo ojú ẹ̀, ìdí ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò, ibi tí itan ti so mọ́ ẹ̀yìn. Pẹ̀lú ẹni tó fúyẹ́, pátákò ẹ̀yìn á máa tẹ̀ síwájú ibi tí ti iwájú ti kúrò. Tí ẹrù bá wúwo, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ò ní débẹ̀ mọ́, á máa fi etí pátákò họ ilẹ̀ díẹ̀ kó tó gbé e, tó bá pẹ́ lẹ́nu ẹ̀ wàá rí òógùn funfun tó ń hó lábẹ́ okùn gàárì, tí ẹ bá tú gàárì kúrò, ibi tó ti tẹ̀ ẹ́ á gbóná sí yín lọ́wọ́.

Ohun méjì ni mo fẹ́ kí ẹ fi kún tiyín. Ìkíní ni ilẹ̀. Tí òjò bá ti rọ̀ tí ilẹ̀ ti rọ̀, ẹrù kan náà yẹn ò jẹ́ ẹrù kan náà mọ́, torí gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá rì ni ẹṣin ní láti fà á yọ pẹ̀lú ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ máa wo bójú ọjọ́ ṣe rí níbi tí wọ́n ti ń sá a kẹ́ ẹ tó pinnu. Ìkejì ni ara ẹṣin fúnra ẹ̀. Kílò 60 lórí ẹṣin kílò 430 àti kílò 60 lórí ẹṣin kílò 540, ìyà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ń jẹ wọ́n. Ṣọlá, ìwọ tó o mọ ìṣirò, ṣé o rí i pé ẹrù tí o fi pín kílò 500 yẹn, ẹṣin gbogbo kọ́ ló jẹ́ 500?

Ṣọlá_Kám̀pù

Ẹ̀gbọ́n, ibẹ̀ yẹn ẹ mú mi. Hong Kong máa ń kọ ìwọ̀n ara ẹṣin fúnra ẹ̀ sínú ìwé eré, Japan náà ń kọ ọ́, wọ́n tún ń kọ iye tó fi sanra tàbí rù sí ti eré tó sá kẹ́yìn. Torí náà ẹni tó ń ta ti Hong Kong lè ṣe ìpín yẹn fúnra ẹ̀. Mo ṣì dúró lórí pé àwọn kan ń ka páùn 1 àti 2 jù, pé wọ́n á máa jà lórí páùn 1 nínú eré mítà 1000, àmọ́ nínú eré gígùn lórí ilẹ̀ ẹrẹ̀, mo gbà.

Ẹ̀gbáLókèỌya

Kò sẹ́ni tó tíì dá a lóhùn lórí (5) àti (7) yẹn. Àwọn jọ́kì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni. Torí pé wọn ò tíì mọ̀ ọ́n gùn dáadáa, wọ́n ń dín ẹrù kù fún ẹṣin tí wọ́n bá gùn. Ní Ìlú Ọba nínú eré ilẹ̀ pẹrẹsẹ, páùn 7 ni wọ́n á dín títí á fi jẹ eré 20, á wá di 5 títí á fi jẹ 50, á di 3 títí dé 95, lẹ́yìn ìyẹn ó ti di ọ̀gá, kò sí ẹ̀dínwó mọ́. Torí náà ẹṣin tó gbé 9-7 tí jọ́kì (7) gùn, sítónù 9 géérégé ló gbé.

Èyí lèmi fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ẹrù yìí torí pé a máa ń rí ọmọ kan tó ti mọṣẹ́ tán ṣùgbọ́n tí iye tó ti jẹ ò tíì pé, (5) ṣì wà lórúkọ ẹ̀. Páùn 5 ọ̀fẹ́ nìyẹn lórí ẹṣin tó dáa. Ẹ wò ó bóyá olówó ẹṣin tó gbajúmọ̀ ń gbé ẹṣin fún ọmọ náà, ìyẹn á sọ fún yín pé wọ́n fọkàn tán an. Tó bá jẹ́ ọmọ tí ò mọ ibi tó máa gbà nínú èrò ẹṣin 16, páùn 7 yẹn ò lè san ohun tó máa sọnù lọ́nà.

Ẹ tún máa wo ẹṣin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ eré láìpẹ́ yìí, tí wọ́n ti pín ẹrù eré tó kàn sílẹ̀ kó tó jẹ. Wọ́n á fi páùn bíi 5 tàbí 6 kún un gẹ́gẹ́ bí ìtanràn, wọn ò tíì ráyè tún rating ẹ̀ ṣe. Tí rating tuntun bá jáde tó fi hàn pé páùn 9 ló yẹ kí wọ́n fi kún un, tí ìtanràn sì jẹ́ 6, ẹṣin yẹn fi páùn 3 rẹ́ wọn jẹ lọ́jọ́ yẹn nìkan. Àwọn ọlọ́gbọ́n máa ń sáré gbé ẹṣin wọn jáde lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.

ỌmọPánṣẹ́kẹ́

Ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an, Bàbá Ìbarà ẹ kú akitiyan, ẹ máa pẹ́ fún wa. Gbogbo ẹ̀ yé mi. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yín sókè fún bọ̀ọ̀dá yẹn, ó ní òun gbà lórí ti àwọn tó wà lókè, àmọ́ pé ẹṣin tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ṣì ní àǹfààní kan, torí bó ti wù kó rí, òun ni wọ́n ṣàánú jù nínú eré yẹn, kò sẹ́ni tó gbé kéré tó o. Kí ni mo máa sọ fún un?

ÀgbàÌbarà

Sọ fún un pé ibẹ̀ gan-an ni wọn ò ti ṣàánú ẹ̀. Gbogbo eré handicap ló ní ìwọ̀n kan nísàlẹ̀ tí ẹrù ò gbọ́dọ̀ kéré sí. Ká ní kílò 53 ni wọ́n fi parí ẹ̀. Tí rating ẹṣin kan bá kéré débi pé kílò 50 ló yẹ kó gbé kó tó lè bá àwọn tó kù dọ́gba, wọn ò lè kọ 50 fún un, 53 ló máa gbé. Lórí ìwé wàá rí i pé òun ló fúyẹ́ jù, ìwọ á sì rò pé ó ti rí ìrànwọ́, àmọ́ kílò 3 ló fi wúwo ju ohun tí wọ́n gbà pé agbára ẹ̀ ká lọ. Òun nìkan ló lè jẹ́ pé ó gbé ju ẹ̀tọ́ ẹ̀ lọ nínú gbogbo wọn.

Tó o bá fẹ́ mọ irú ẹṣin bẹ́ẹ̀, má wo ẹrù nìkan, wo rating tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ẹni tó wà lókè, máa yọ rating kúrò lára rating, kó o sì yọ ẹrù kúrò lára ẹrù. Tí rating bá fi 20 yàtọ̀ tí ẹrù ò sì yàtọ̀ ju páùn 14 lọ, páùn 6 tó ṣẹ́kù yẹn, ẹni ìsàlẹ̀ ló ń rù ú. Tí ẹ bá ń wo ti South Africa tí wọ́n fi kílò kọ, ẹ kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe ń ka rating tiwọn sí kílò kẹ́ ẹ tó yọ ọ́, kì í ṣe ti Ìlú Ọba náà ni wọ́n ń lò. Mú ìwé eré Sátidé dání nígbà tó o bá ń bọ̀ ní Ìbarà, a jọ máa ṣí i.